Bí Mo Ṣe Tún Àdàkọ Orúkọ Ìbátan Wa Ṣe Nínú Ìwé Ìkànìyàn Ọdún 1911

Ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá mi kan kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń tẹ orúkọ rẹ̀ láti wá a nínú ìkànìyàn Ẹ́ńgílándì ti ọdún 1911, kò sí èsì tí ó jáde. Ìgbà tí mo pa orúkọ tì, tí mo fi ìlú ìbí nìkan wá a, ni mo tó rí i. Ẹni tí ó da ìwé náà kọ sórí ìkànnì ti sọ “Ayo” di “Ago”, orúkọ ìdílé wa ti di ohun tí ẹnu kò lè pè, wọ́n sì ti gbé Èkó lọ sí ilẹ̀ Potogí, nítorí pé ìlú kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Lagos.

Àwòrán ìwé náà gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìkànìyàn ọdún 1911 rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí pé fọ́ọ̀mù tí onílé fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe ìwé tí akànìyàn dà á kọ sí. Ìyá onílé tí ìbátan wa ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó kọ ti ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi “y” inú Mary, orúkọ ọmọ rẹ̀, wé ti ìbátan wa, ìrù wọn sì rí bákan náà. “G” inú Lagos ní tirẹ̀ padé lókè. Ó tilẹ̀ kọ “W.A.” (West Africa, ìyẹn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) tẹ̀ lé Lagos, èyí tí adàkọ fò. Ìlànà orí fọ́ọ̀mù náà tún ràn mí lọ́wọ́: ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kọ ọmọ orílẹ̀-èdè tí òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àyè yẹn ṣófo níwájú orúkọ rẹ̀.

Mo kọ àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí sínú fọ́ọ̀mù àtúnṣe ìkànnì náà. N kò fọwọ́ kan ọjọ́ orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìrìbọmi rẹ̀ l'Ékòó fi hàn pé ìyá onílé fi ọdún kún un. Ohun tí ó wà lórí ìwé ni àdàkọ gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn tí ń fi ìtàn ìdílé wọn dípò rẹ̀ ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Inú àkọsílẹ̀ tèmi ni mo fi ìyàtọ̀ náà sí.

Àtúnṣe náà ti wọlé báyìí, àdàkọ àkọ́kọ́ sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò rí i nínú ìkànìyàn ọdún 1921, nítorí náà ìwé orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi tí ó ń ti Liverpool lọ sí Èkó ni mo ń yẹ̀ wò lọ́wọ́lọ́wọ́.