Bí mo ṣe rí àkáǹtì báńkì tí kò jẹ èrè èlùbọ́ mi

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Láti Ṣakí ni wọ́n ti ń kó o wá fún mi. Màá jọ̀ ọ́, màá wọ̀n ọ́n, màá sì dì í sínú ọ̀rá tí mo kọ orúkọ òwò mi sí lára. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gba owó ọjà sínú àkáǹtì savings tí mo ṣí nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀. Owó iléèwé àwọn ọmọ, owó gáàsì, owó èlùbọ́, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé ìtajà ńlá kan l'Ékòó ní àwọn fẹ́ máa ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Nígbà tọ́rọ̀ kan owó, obìnrin tó ń bójú tó ìṣirò wọn kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, a kì í sanwó sínú àkáǹtì tó bá ń jẹ́ orúkọ èèyàn. Ẹ fi ti òwò yín ránṣẹ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjà àkọ́kọ́ gbéra.

Ìwé ò bá mi lẹ́rù. Mo ti forúkọ òwò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC látọjọ́ pípẹ́, mo ní ìwé ẹ̀rí, mo sì ní status report tó tẹ̀ lé e, ìwé CAC tó ń sọ ẹni tó ni òwò. BVN àti NIN mi wà níbẹ̀. Nọ́ńbà owó orí, TIN, ni mo ní láti lọ wá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fúnni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni irú àkáǹtì tó yẹ kí n ṣí. Gbogbo ibi tí mo yẹ̀ wò ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni tàwọn.

Báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lọ́yàyà gan-an ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni, mummy. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti ṣí i, ẹ ò sì ní láti fi owó kankan pa mọ́ síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé o. Tí owó bá wá ń wọlé ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ sanwó fún àwọn tó ń kó iṣu gbígbẹ wá fún mi ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀, ma."

Inú bọ́ọ̀sì tí mò ń bá bọ̀ ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé. Ṣíṣí ni wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni èèyàn ń ṣí àkáǹtì. Ojoojúmọ́ ni owó ń wọ̀ ọ́ tó sì ń jáde. Mo ti rí i pé tí mi ò bá mọ bí owó tèmi ṣe ń rìn, gbogbo ọ̀fẹ́ ayé ò lè gbà mí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, mo ṣí statement oṣù kìíní lórí fóònù, mo mú bírò pupa àti bírò búlúù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí tó jẹ́ ti ilé sílẹ̀, mo sàmì sí ti ọjà nìkan. Ìgbà 46 ni owó ọjà wọlé; 19 nínú wọn ló tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà 14 ni mo fowó ránṣẹ́ jáde, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦640,000: mẹ́ta ò tó ₦5,000, mẹ́fà wà láàárín ₦10,000 sí ₦50,000, márùn-ún ju ₦50,000 lọ.

Lẹ́yìn náà mo wá ìwé tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi to iye tí báńkì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹnikẹ́ni lè kà á. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ kà á kí ẹ tó jókòó síwájú ẹnikẹ́ni ní báńkì, torí ohun tó wà níbẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ìpolówó.

Ẹ wo ohun tí mo rí. Nígbà náà, tí owó tó tó ₦10,000 bá wọlé, ìjọba ń yọ ₦50 lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Mọ́kàndínlógún tèmi, ₦950 nìyẹn. Ibi yòówù kéèyàn ṣí àkáǹtì sí nígbà náà, kò sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Fífi owó ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, iye tó ga jù tí wọ́n lè gbà ni ₦10 fún ohun tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, àti ₦50 fún èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Tèmi jẹ́ ₦430, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún VAT sọ ọ́ di ₦462.25. Àtẹ̀jíṣẹ́ alert nígbà náà jẹ́ ₦4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60 alert, ₦240.

Èyí tí mi ò mọ̀ rí ni owó ìtọ́jú àkáǹtì current, irú èyí tí báńkì ńlá máa ń ṣí fún òwò. Náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá san jáde fún ẹlòmíràn, tàbí tó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì mìíràn. Àwọn àgbà ọjà rántí COT, tí báńkì fi ń gé owó wọn tẹ́lẹ̀. Èyí ló gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2016. Náírà kan kéré lójú. Lórí ₦640,000 ó di ₦640, VAT gbé e dé ₦688. Àkáǹtì savings kì í san án, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì bá a pàdé rí.

Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦2,340.25 lóṣù kan ṣoṣo, lórí àkáǹtì tí wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún, ó lé ní ₦28,000. Ó ká mi lára gidigidi, torí kí ọjà Èkó tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò yẹn ló là mí lójú. Nínú ohun mẹ́rin tó ń jẹ owó mi, ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Mẹ́ta tó kù wà lọ́wọ́ báńkì, torí ohun tí CBN kọ síbẹ̀ jẹ́ òkè ibi tí wọ́n lè dé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbà kéré sí i. Látìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mò ń bi báńkì: ṣé wọ́n máa gba owó ìtọ́jú lórí owó tó bá jáde? Èló ni wọ́n ń gbà bí mo bá fowó ránṣẹ́? Ṣé alert inú áàpù wà tí mi ò fi ní gba ti SMS? Báńkì kan dáhùn pé àwọn kì í gba owó ìtọ́jú bí owó tó ń jáde kò bá kọjá iye kan lóṣù. Tèmi ti sún mọ́ iye yẹn, ọjà Èkó á sì gbé e kọjá, ni mo bá fi wọ́n sílẹ̀.

Ìyá tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò fara mọ́ àwọn báńkì orí fóònù rárá. Wọ́n ní, "Báńkì tí kò nílé, lọ́jọ́ tó bá gbówó ẹ mì, ẹnu ọ̀nà ta lo máa lọ jókòó sí?" Mi ò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Gbogbo wa la rántí oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí CBN ní kí mélòó kan nínú wọn má gba oníbàárà tuntun, tó di oṣù kẹfà kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Torí náà mo lọ wo irú ìwé àṣẹ tí oníkálukú ní. Moniepoint àti Kuda, ìwé àṣẹ microfinance, ìyẹn báńkì kéékèèké, ni. Ti OPay jẹ́ mobile money, ìyẹn àṣẹ láti máa fi fóònù gba owó àti láti fi í ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí pé NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó oníbàárà bí báńkì bá wó, kò fi iye kan náà dúró fún gbogbo wọn. Ní ọdún 2024 wọ́n gbé e sókè: ₦5,000,000 fún báńkì ńlá, ₦2,000,000 fún microfinance. Owó tèmi kì í tó mílíọ̀nù méjì nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣàlàyé fún ìyá oníṣu, wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ṣì ń lọ sí Dùgbẹ̀.

Mo pinnu láti ṣí méjì, kí n sì dán wọn wò: current ní báńkì ńlá kan, àti àkáǹtì òwò ní microfinance kan tó wà lórí fóònù.

Ti báńkì ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjà mi jẹ́. Wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́rìí méjì wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì current, kí wọ́n sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi tayọ̀tayọ̀ buwọ́ lu tiwọn lójú mi. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù lé orí Bíbélì kó lè tẹ́jú, wọ́n sì rọra fà á. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, báńkì dá a padà: ìbuwọ́lù yìí kò bá èyí tó wà lọ́dọ̀ báńkì wọn mu. Ọwọ́ tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tíṣà kọ́ ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n lónìí. Mi ò lè sọ fún bàbá pé wọ́n kọ ìbuwọ́lù wọn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń ta òògùn òyìnbó, ló gbà mí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí current, ẹ bi ẹlẹ́rìí yín bóyá wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù tàbí ṣẹ́ẹ̀kì gba owó ní báńkì wọn láìpẹ́ yìí. Ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀ á bára mu.

Ti microfinance kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. NIN, BVN, nọ́ńbà CAC, TIN, àwòrán bílì iná, àwòrán ojú mi. Ó tán.

Ìdánwò ló kù. Àwọn tó bá mọ Bódìjà mọ bí ọjọ́ Sátidé ṣe ń rí níbẹ̀: nẹ́tíwọ̀kì á dákẹ́, oníbàárà á dúró, lébìrà á ti gbé àpò lérí. Sátidé mẹ́ta tẹ̀léra, ní aago méjìlá ọ̀sán, mo ní kí àbúrò mi fi ₦500 ránṣẹ́ sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, èmi náà á sì dá ₦500 padà. Mo ń kọ aago sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé lórí microfinance ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì dáa ní Sátidé àkọ́kọ́. Ní Sátidé kejì, ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni owó fi wà lójú ọ̀nà. Oníbàárà wo ló máa dúró dè mí fún ogójì ìṣẹ́jú? Mo tún pe nọ́ńbà ìrànwọ́ àwọn méjèèjì. Èèyàn gidi dá mi lóhùn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, mo sì fún wọn ní máàkì kan náà.

Ní ti alert, mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò fẹ́ SMS mọ́, ti inú áàpù tó mi. Àwọn kan máa ní ó léwu. Lójú tèmi, SMS gan-an ló léwu, torí òun ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Obìnrin kan ní ìlà wa ti gbé àpò ẹ̀wà méjì fún ẹni tó fi irú rẹ̀ hàn án. Bí oníbàárà bá sọ pé òun ti sanwó, mo máa ń ṣí áàpù, màá wo iye tó wà nílẹ̀, kí n tó jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lára àpò.

Microfinance ni mo yàn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. ₦20 ni wọ́n ń gbà bí mo bá fowó ránṣẹ́, iye yòówù kó jẹ́, kò sí owó ìtọ́jú. Mo tún gbé statement oṣù kìíní jáde, mo ṣírò rẹ̀ lọ́nà tuntun: ₦950 ti ìjọba, ₦280 fún ìgbà 14. ₦1,230 dípò ₦2,340.25. Current yẹn ṣì wà. Níwọ̀n bí owó kò bá ti jáde níbẹ̀, owó ìtọ́jú ò lè jẹ ẹ́. Mo máa ń fi owó díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà tì í pa, torí ó wù mí kí n lọ bá wọn fún ẹ̀yáwó ẹ̀rọ ìlọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìdánwò yẹn ò tíì parí, ó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, nígbà tí mo fi nọ́ńbà àkáǹtì microfinance ránṣẹ́ sí Èkó. Obìnrin oníṣirò yẹn kọ orúkọ òwò mi tó rí níbẹ̀ padà sí mi, ó ní, "Ṣé òun nìyí, ma?" Mo ní òun ni. Mo gé àwòrán ìdáhùn rẹ̀, ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ìyípadà kan ti wáyé látìgbà náà tó yẹ kí ẹ̀yin tó ń ṣírò báyìí mọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fowó ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ ₦50 ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Mo ti tún bírò pupa mú. Nínú owó 14 tó jáde lọ́wọ́ mi nínú statement àtijọ́ yẹn, 11 ló tó ₦10,000: ₦550 dípò ₦950. Ẹni tó bá jẹ́ pé owó ńláńlá díẹ̀ ló ń wọlé fún un, tó sì ń sanwó fún èèyàn púpọ̀, òdìkejì tèmi ló máa bá, torí náà kó ka tirẹ̀ kó tó mú báńkì.