Bí Mo Ṣe Yẹ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọmọ Elédè Mẹ́ta Wò ní Ilé-Ìwé Kan ní Kubwa

"Èdè ti pọ̀ jù fún un." Ohun tí tíṣà kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè mí nìyẹn. Ọmọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún 5, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ilé-ìwé sì ti gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yéé sọ Yorùbá sí i nílé kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé. Speech therapist ni mí, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, mo máa ń lọ káàkiri ilé-ìwé ní Abuja, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe tuntun sí mi mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn òbí Yorùbá tó ti gba irú ìmọ̀ràn yẹn gbọ́ nílùú yìí pọ̀.

Etí ni mo kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe ẹnu. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìró dáadáa kò lè pè é dáadáa. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá etí rẹ̀ máa ń ṣọyún, bóyá ọ̀fìnkìn máa ń pẹ́ lára rẹ̀, bóyá ó máa ń fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n pariwo. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ etí bá le, Kaduna ni mo máa ń júwe, ní National Ear Care Centre tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Tiẹ̀ kò dé ibẹ̀. Èsì jáde, etí méjèèjì ń gbọ́.

Ìyá bàbá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti pinnu ní tiwọn pé ahọ́n ọmọ ló so mọ́lẹ̀. "Ẹ bá mi wo abẹ́ ahọ́n ẹ̀, ṣé kò yẹ kí wọ́n gé e ni?" Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, mo fi oyin díẹ̀ pa á ní ètè òkè, mo ní kó lá a. Ahọ́n gòkè láìsí wàhálà, ó lá oyin náà tán, ó tún bèèrè òmíràn. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ahọ́n rẹ̀ ń dé ibi tó bá fẹ́." Awọ abẹ́ ahọ́n, iwájú ahọ́n ló ń dè, ohun tí ọmọ yìí kò sì lè pè, ìyẹn k àti g, ẹ̀yìn ahọ́n ni a ti ń pè é.

Lẹ́yìn náà mo ní kí ìyá rẹ̀ to gbogbo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àti èdè tí oníkálukú ń sọ. Màmá àgbà, Yorùbá nìkan. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìbàdàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lo Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ilé, Hausa ló ń sọ, ọmọ náà sì ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rá. Ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìwé àwòrán tí àwa oníṣẹ́ yìí ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àwọn ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n máàkì. N kì í fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ọmọ Kubwa. Àwòrán tèmi ni mo lò, mo sì bẹ olùkọ́ kan tó ń sọ Hausa pé kó jókòó tì mí.

Mo gbé àwòrán ìkòkò sílẹ̀. Ó ní, "Ìtòtò." Kọ́kọ́rọ́: "tọ́tọ́lọ́." Ìgò: "ìdò." Olùkọ́ náà gbé tiẹ̀ sílẹ̀: kaza, ìyẹn adìẹ, di "taza", gida, ìyẹn ilé, di "dida". A bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì: "key" di "tea", "goat" di "doat".

Ká ní inú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni k ti ń di t, ǹ bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, k di t, g di d. Iwájú ahọ́n ló fi ń pe ohun tó yẹ kó fi ẹ̀yìn pè, èdè yòówù kó máa sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ọmọ bá ti pé ọdún 4, ó yẹ kó ti fi í sílẹ̀. Ọmọ yìí nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́. Èdè kọ́ ló pọ̀ jù.

Inú mi sì dùn sí ohun kan: àmì ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. "Tọ́tọ́lọ́" yẹn, mí-mí-mí ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Mo gbà pé ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé màmá àgbà ju àwọn tíṣà lọ nìyẹn.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí tíṣà kọ sílẹ̀ tí mo fagi lé. Ó ń sọ "isu" dípò iṣu: bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ níwájú mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní Ìbàdàn. Ó ń fi t pe "th" inú "three": Yorùbá kò ní ìró yẹn. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bíi bàbá rẹ̀ kò ní àrùn kankan. R tó di l, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, r máa ń pẹ́ dé ẹnu ọmọ.

Ó kù kí n mọ̀ bóyá òye èdè wà níbẹ̀. Mo ní kó pa àlọ́ fún mi. Ó pa ti Ìjàpá tó fi fìlà bo àsáró gbígbóná mọ́lẹ̀ lórí nílé àna rẹ̀. Ó sọ ìdí tó fi gbé e pamọ́, ó sọ ohun tí àna wí, ó sọ bí orí Ìjàpá ṣe pá, gbogbo rẹ̀ sì so kọ́ra. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta ló ń tò pọ̀, torí ilé-ìwé ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan yẹ̀ ẹ́ wò á ní ọmọ náà kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú àwọn òbí àti tíṣà, bàbá rẹ̀ béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ká wá pa Yorùbá tì ni?" Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í fa ìdádúró ọ̀rọ̀, ọmọ tó tilẹ̀ ní ìdádúró náà lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá sì gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ta ni yóò máa bá màmá yín sọ̀rọ̀? Tíṣà dá ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀. Òótọ́ ni: lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2025 wọ́n yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kíláàsì ni méjèèjì, kò kan ohun tí ẹbí ń sọ nídìí oúnjẹ.

Ìtọ́jú wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kó lanu. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀, ahọ́n á fúnra rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn. Mo fi igi pẹlẹbẹ tí àwọn dókítà ń lò rọra tẹ iwájú ahọ́n mọ́lẹ̀, mo ní kó sọ "ta". Iwájú kò rí ọ̀nà gòkè, ẹ̀yìn ló dìde, "ka" ló jáde. Ojú rẹ̀ là. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára, a mú àwòrán méjì méjì: ìka àti ìta, ikọ́ àti itọ́. Èyí tó bá pè ni n óò gbé fún un. Ó ní "ìta", mo gbé ìta fún un. "Rárá, ìta!" ó na ìka tirẹ̀ sí mi lójú. Mo tún gbé ìta fún un. Ó dákẹ́, ó wo ẹnu mi, ó fa ahọ́n sẹ́yìn: "Ì-ka." Mo gbé ìka lé e lọ́wọ́, ó gbá a mọ́yà.

Mo bẹ tíṣà pé kó má mú un tún ọ̀rọ̀ sọ lójú kíláàsì. Bó bá ní "doat", kó dáhùn pé "Yes, a goat", kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Màmá àgbà ni mo fún níṣẹ́ alẹ́: àwòrán díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

K ti dé báyìí, àfi bó bá ń sáré sọ̀rọ̀ lórí pápá. Hausa tí a kò fi kọ́ ọ rárá, ó ti wọ inú rẹ̀: olùkọ́ yẹn ló wá sọ fún mi pé ó ti ń pe k inú kare, ìyẹn ajá, àti kifi, ìyẹn ẹja, bó ṣe yẹ. G ló kù. "Bàbá mi gùn" ṣì ń jáde bíi "Bàbá mi dùn", òun ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀.