Bí Mọ́tò Ìkẹ́rù Bá Ń Kàn, Ẹ Yẹ Epo Wò Kẹ́ Ẹ Tó Ra Sẹ́nsọ̀

A kọ ìwé yìí nítorí mọ́tò kan tó dúró láàárín Kétu àti Pobẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin títí tòmátì inú rẹ̀ fi jẹrà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún kọ́kọ́kọ́. Wọ́n ra knock sensor (sẹ́nsọ̀ tó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kàn) tuntun sí i, wọ́n tún kó ẹrù. Kò sẹ́ni tó wo epo inú táǹkì.

Àṣìṣe yìí kan náà là ń bá pàdé. Sẹ́nsọ̀ yẹn kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì kàn. Etí lásán ni: bó bá gbọ́ kíkàn, á ta kọ̀ǹpútà mọ́tò lólobó, kọ̀ǹpútà á sì jẹ́ kí iná bùjí pẹ́ díẹ̀ kó tó ta. Àwọn kan tiẹ̀ ń gé wáyà rẹ̀, wọ́n ní ariwo dínkù. Ó lè dínkù lóòótọ́, torí kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ á máa fi iná falẹ̀ nígbà gbogbo. Mọ́tò ò ní lè gun òkè, epo á sì máa lọ bí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.

Ẹ kán kpayo (bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà létí títì) tẹ́ ẹ rà sórí bébà funfun, ẹ̀kán 2, níbòójì, jìnnà sí iná. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá gbẹ tí bébà padà funfun, kò jọ pé wọ́n po nǹkan ọlọ́ràá mọ́ ọn. Bí àbàwọ́n ọ̀rá bá kù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po epo àtùpà tàbí dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, irú epo bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú ẹ́ńjìnnì kàn. Ẹni tó pò ó jẹ èrè táṣẹ́rẹ́, ìyá tó ni ẹrù ló ru àdánù. Ìwà ìkà ni. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ má ṣe bu epo gidi lé e lórí. Ẹ ra lítà 10 nílé epo, ẹ rin kìlómítà 20 pẹ̀lú ẹrù tó mọ níwọ̀n.

Bó bá ṣì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tó ń gun òkè, ẹ yẹ omi rédíétọ̀ wò, kí mẹkáníìkì wo bùjí àti àsìkò iná. Tó bá jẹ́ ìró wúwo ló ń dún láti ìsàlẹ̀, tí mọ́tò ò tilẹ̀ rìn, ẹ paná rẹ̀, ẹ wọn ọ́ìlì. Ẹ má kó ẹrù kankan sí i.

Ìgbà yìí ló tó kan sẹ́nsọ̀. Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ ò ní in rárá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún yín. Lára ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 4, ara irin ẹ́ńjìnnì ló wà, lábẹ́ páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́, lápá ibi sìlíńdà kejì àti ìkẹta lọ́pọ̀ ìgbà. Toyota V6 (onísìlíńdà 6) ní 2, ní àárín gbùngbùn lábẹ́ páìpù yẹn, ó di kí wọ́n tú u. Bí sẹ́nsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ bá ní àléébù, kóòdù P0325 tàbí P0330 ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò máa ń kọ; ẹ yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó rà á.

Irú sẹ́nsọ̀ tó rí bí òrùka, 20 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de bọ́ọ̀tì) ni kí wọ́n fi dè é, láìfi wáṣà tàbí gúlúù sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dè é jù, etí di.