Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kì í fi parí fọ́ọ̀mù ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Mo fi líǹkì fọ́ọ̀mù ìwádìí ránṣẹ́ sí íméèlì àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé àti Ring Road, n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣí i rárá, àwọn tó sì bẹ̀rẹ̀ dúró síbi tí mo ti béèrè iye owó tó wọlé fún wọn lọ́dún àti iye òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀tọ̀ ni àìṣí i, ọ̀tọ̀ ni àìparí rẹ̀. Íméèlì tí ilé-iṣẹ́ kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, akọ̀wé tó bá sì rí líǹkì tí kò mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ yóò kà á sí iṣẹ́ oníjìbìtì. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ sì mú lẹ́tà lọ fún ọ̀gá, nítorí pé bí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí i, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò tú àṣírí owó ilé-iṣẹ́ fún àlejò.

Àìparí ló gba àlàyé. Ẹni tó jókòó ti fọ́ọ̀mù kò ní gbogbo ìdáhùn lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ owó wà lọ́dọ̀ akáǹtáǹtì, iye òṣìṣẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń san owó oṣù. Bí fọ́ọ̀mù kò bá wá jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú láìkọ nǹkan sí àyè yẹn, yóò pa á tì, tàbí kí ó kọ òdo sí i kí ó lè ráyè kọjá, èyí tó burú ju àìdáhùn lọ lójú tèmi, nítorí pé òdo náà yóò wọnú ìṣirò yín bí ẹni pé òótọ́ ni. Ẹ yọ dandan yẹn kúrò. LimeSurvey, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù ìwádìí, fún àpẹẹrẹ, lè fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n ti kọ, kí ẹlòmíràn sì bá a lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ fi gbogbo ìbéèrè ṣọwọ́ ní PDF pẹ̀lú, kí ó lè lọ láti tábìlì dé tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì ṣe é ní oṣù Kìíní: títí di ọjọ́ 31 ni àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń kó àkọsílẹ̀ owó orí òṣìṣẹ́ wọn fún ìjọba ìpínlẹ̀, akáǹtáǹtì kò sì ní ráyè ti yín.

Ìbéèrè: Nínú àwọn tó dáhùn, ilé-iṣẹ́ kan kọ 45 sí iye owó tó wọlé, òmíràn kọ 45,000,000. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ pè wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ ní mílíọ̀nù lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ “náírà, ní kíkún” sí ẹ̀gbẹ́ àyè náà gan-an, kì í ṣe sókè ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà, kí fọ́ọ̀mù sì béèrè pé “Ṣé iye yìí tọ̀nà?” bí ó bá kéré jù, láìdènà ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.