Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àtúntò alùpùpù àtijọ́ nílé

Bí alùpùpù àtijọ́ bá ti wọlé, ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ èèyàn lára ni kí wọ́n gé ìdí férémù, kí wọ́n sì gbé ìjókòó tuntun lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ayùn sílẹ̀ ná. Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ rà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Nọ́ńbà kan wà lára férémù, lọ́pọ̀ ìgbà níbi ọrùn rẹ̀. Òmíràn wà lára ẹ́ńjìnì. Bí ti férémù ò bá bá ìwé mu, ẹ má náwó lé e, torí alùpùpù tí ìwé rẹ̀ kò pé lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò: ibi tí wáyà gbà, ibi tí kébù gbà, gbogbo ẹ̀ pátá. Bóòtù tí ẹ bá tú, inú ọ̀rá kékeré ni kó wọ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sára ọ̀rá náà. Mo ti gbójú lé orí ara mi rí. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, bóòtù mẹ́rin wà nílẹ̀ tí n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé.

Ó wá kan ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kó sùn mọ́jú. Ẹ fi sí jíà tó ga jù, kí ẹ rọra yí táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá yí, ọ́ìlì àti sùúrù ni, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá fi tipátipá tẹ kíìkì lè ba písítíìnì jẹ́. Bó bá ń yí, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ wá fi gééjì wọn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ (compression): ẹ yí ọwọ́ tó ń fún un lépo dé òpin, kí ẹ tẹ kíìkì léraléra. Bí sílíńdà kan bá rẹlẹ̀, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ara písítíìnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ni kí ẹ fura sí.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnì. Lára àwọn alùpùpù Jàpáànù, bíi Honda CB350 tàbí Yamaha XS650, síkúrù ibẹ̀ jọ ti ẹlẹ́nu mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn Phillips, àmọ́ JIS, ìlànà àwọn ará Jàpáànù, ni wọ́n fi ṣe é. Tí ẹ bá ki sikurudíráfà Phillips bọ̀ ọ́, kò ní jókòó dáadáa. Á máa yọ, á sì jẹ orí síkúrù náà títí yóò fi di ihò róbótó. Ẹ ra sikurudíráfà JIS. Owó rẹ̀ kò tó wàhálà tó ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá yọ jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ róbótó bí ojú abẹ́rẹ́. Bó bá dí, oògùn ìfọkabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi wáyà irin gún un, á mú kí ihò náà fẹ̀, epo á sì pọ̀ jù.

Bí táǹkì bá ti dógùn-ún, ẹ fi ike epo kékeré àti rọ́bà dán ẹ́ńjìnì wò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn nínú yàrá tó sé. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà aláìmọ̀ fi iná kan táǹkì náà. Oru epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Ẹ wo nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n ṣe táyà lára rẹ̀: bí àpẹẹrẹ, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ yọ ọ́ dànù. Eruku bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fẹ́ ẹ.

Nígbà tí ẹ bá ti gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi páálí gé ìrísí ìjókòó tuntun, ẹ so ó mọ́ férémù, kí ẹ jókòó lé e. Kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wò ó bóyá táyà máa kan ohunkóhun. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹ fẹ́ gé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé ayùn.