Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yẹ Ìjàpá àtijọ́ wò

Bí wọ́n bá fi Ìjàpá àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, lọ̀ yín ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ má ṣe torí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán kí ẹ gbà pé bó ṣe kúrò nílé-iṣẹ́ Volkswagen ló ṣì wà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ yọjú sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí ọwọ́ páńtà kì í dé ni àwọ̀ àkọ́kọ́ máa ń kù sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti sítíárìn. Àwọn èèyàn á bá a lápá ọ̀tún, wọ́n á ní kì í ṣe ojúlówó. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ lápá ọ̀tún títì. Apá òsì la ń gbà tẹ́lẹ̀, sítíárìn a sì wà lọ́tùn-ún. Ìjàpá 1969 tí wọ́n ní níbí ni wọ́n ti rà á ní tuntun, tí sítíárìn rẹ̀ wá wà lósì, ìyẹn gan-an ló yẹ kó kọ yín lóminú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún àti síbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ìbá wà. Bí wọ́n bá ti yí i, wẹ́dà á ti jó irin dí àwọn ihò àtijọ́, ojú àpá yẹn kì í sì í parẹ́ bọ̀rọ̀.

Ẹ má fi àwòrán Ìjàpá Jámánì dájọ́ gbogbo Ìjàpá. Oṣù kẹjọ 1964 ni àwọn ará Jámánì fẹ gíláàsì tiwọn. Bùràsílì kò bá wọn fẹ̀ ẹ́. Bùràsílì ni ọ̀pọ̀ èrọjà Ìjàpá tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti 1975 sì ti wá. Gíláàsì kékeré lára Ìjàpá 1977 lè jẹ́ ojúlówó pọ́ńbélé.

Ìwé ọkọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ ọdún. Èyí tí Jámánì ṣe ní oṣù kẹwàá 1964, módẹ́ẹ̀lì 1965 ni. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn, ẹ ka nọ́ńbà ṣásí lára irin tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ já. Ti ẹ́ńjìn ò lè dájọ́ náà: bóòtù mẹ́rin péré ló dè é mọ́ ọkọ̀, ó rọrùn láti pààrọ̀.

Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ kí bàbá tàbí ìyá náà nílé. Fọ́tò ìkómọ tí wọ́n yà níwájú ọkọ̀ láyé ọjọ́un lè fi bọ́ńpà, iná àti apá tí sítíárìn wà hàn yín kedere.