Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìdíje Láàárín Àwọn Agbẹ́ọrun ní Abẹ́òkúta

Ohun tó máa ń ba ìdíje àwọn agbẹ́ọrun jẹ́ jù ni kí wọ́n máa figa gbága lórí ọrun ta ló le jù. Ẹni tó bá ń lé agbára kì í fẹ́ fá igi rẹ̀ mọ́ nígbà tó yẹ kó ṣì máa fá a. Ibì kan á nípọn, ibì kan á fẹ́lẹ́, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn ni gbogbo ìtẹ̀ máa kó sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣẹ́. Nítorí náà, òfin tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ìwọ̀n tí agbára ọrun kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ fi sí àárín kìló 12 sí 16 nígbà tí a bá fà á dé 65 sẹ̀ǹtímítà. Àgbàlagbà lè ta irú ọrun bẹ́ẹ̀ láìjìyà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà lè gbẹ́ ẹ. Nígbà náà ni ìdíje máa di ti iṣẹ́ ọwọ́: ta ni ọrun rẹ̀ tẹ̀ dọ́gba, ta ni tirẹ̀ padà sípò lẹ́yìn tí a tú ọsán, ta ni tirẹ̀ fi agbára kékeré gbé ọfà lọ dáadáa.

Ìdíwọ́ kan ti tó

Ìdíje tó dùn máa ń ní ohun kan tó há a mọ́. Ẹ lè ní ọparun nìkan ni kí gbogbo èèyàn lò. Ẹ lè ní àdá, ọ̀bẹ àti fáìlì nìkan, kò sí ẹ̀rọ oníná. Ẹ lè ní kí kálukú ra pákó kan ní sọ́míìlì, kí owó rẹ̀ má kọjá iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á sá, àwọn ọ̀gá nìkan ló máa kù.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni igi kan náà. Ẹ ra ìtì kan tó gùn tó 180 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ là á sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ẹ wá ṣẹ́ gègé pín in. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé igi ẹnìkejì ló dára ju tòun lọ. Ẹni tí igi tó ní kókó bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ fún un ní máàkì méjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ gé igi nínú igbó ọba láìgba àṣẹ, ẹ má sì gé e lóko olóko.

Igi wo, ìgbà wo

Ẹ wo èèpo ìtì náà kí ẹ tó sanwó. Bí ìlà èèpo bá ń lọ́ yípo, igi inú rẹ̀ náà lọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àáké àti èèkàn igi ni kí ẹ fi là á, ẹ má fi ayùn ṣe é, torí ayùn kì í tẹ̀lé okùn igi, á gé e kọjá, ibi tó bá sì ti gé okùn igi kọjá ni ọrun máa ti là.

Àyìn le, ó sì wúwo. Ẹni tó bá fi àyìn ṣe ọrun gbọ́dọ̀ fá ṣóńṣó méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, torí ṣóńṣó tó wúwo máa ń mú kí ọrun lọ́ra. Gúáfà dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Tíìkì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì máa ń gún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè ṣẹ́ lójijì. Ẹ jẹ́ kí apá rẹ̀ fẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Ní ti ọparun, ẹ wá èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí oríkèé kan bọ́ sí ibi ìdìmú gan-an, kí àwọn tó kù lè jìnnà bákan náà sí ìdìmú lápá òkè àti ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ wa kì í fi ìlà ọdún hàn kedere bíi ti igi ilẹ̀ òtútù, nítorí náà ẹ má ṣe wàhálà wíwá ìlà kan tẹ̀lé. Ẹ bó èèpo dáadáa, kí ẹ sì fi ojú tó wà lábẹ́ èèpo sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú yẹn ni ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ojú tó máa kọ sí ibi tí ọfà ń lọ. Ikùn ọrun nìkan, ojú tó kọ sí tafàtafà, ni kí ẹ máa fá.

Oṣù kọkànlá ni kí ẹ pín igi, kí ìdánwò wá wáyé nínú oṣù kìíní tàbí ìkejì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, igi kò ní gbẹ, ọrun tí a sì fi igi tútù ṣe á tẹ̀ tì, kò ní padà sípò. Kí kálukú kọ́kọ́ gbẹ́ igi tirẹ̀ dé nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀ àti 3 ní nínípọn, kó fi ọ̀dà tàbí gáàmù kun ẹnu méjèèjì, kó sì gbé e sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọyẹ́ máa ń mú kí ẹnu igi tí a kò kùn sán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ. Oòrùn gangan kò dára fún un.

Títẹ̀ ẹ dọ́gba

Ẹ fi gígùn 165 sẹ̀ǹtímítà ṣe òfin fún gbogbo èèyàn, láti ibi tí ọsán há sí lókè dé ti ìsàlẹ̀. Kí kálukú ní pákó ìtẹ̀: pákó kan tó dúró gangan, tó ní ihò lórí fún ìdìmú, tí a fín lára ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 5 títí dé 65. Ẹ tẹ ọrun díẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wò ó. Ibi tó bá tẹ̀ jù, ẹ má fọwọ́ kàn án; ibi tó le ni ẹ máa fá. Lẹ́yìn fífá kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á ní ìgbà 20 tàbí 30 níwọ̀nba kí ẹ tó tún wò ó, torí igi kì í tètè jẹ́wọ́. Ẹ má ṣe fà á kọjá kìló 16 láé, kódà bí kò bá tíì dé ìdajì 65 náà. Tó bá ti dé kìló 16 ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ó ṣì nípọn jù nìyẹn, ẹ padà lọ fá a.

Ọsán já, ọrun dọ̀pá, nítorí náà ọsán irú kan náà ni kí gbogbo yín lò. Okùn polyester dára ju nylon lọ, torí nylon máa ń fà gùn. Kí ọsán lè gbé ìlọ́po mẹ́rin agbára ọrun, ìyẹn kìló 64. Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì kan àti kẹ́ẹ̀gì omi lítà 15 kọ́ ọ wò, ẹ óò mọ̀ bóyá ó tó. Nígbà tí ọsán bá wà lórí ọrun, kí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ìdìmú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 16.

Ọjọ́ ìdánwò

Kí ọrun kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ta ọfà 30 kí ẹ tó wọ̀n ohunkóhun, nítorí ọrun tuntun máa ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìdìmú kọ́ sórí èèkàn tó lágbára, ẹ fi òṣùwọ̀n ìfikọ́ (èyí tí wọ́n fi ń wọ̀n ẹrù arìnrìn-àjò dára gan-an) kọ́ ọsán, ẹ fà á dé 65, ẹ ka ìwọ̀n, kí ẹ sì rọra dá a padà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti pọ̀ tó láti dì í mú níbẹ̀.

Ní ti eré ọfà, ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ gbé àmì sí mítà 20, kí ẹ sì gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí àárín gan-an, ní mítà 10, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọfà kò ti ní bà á. Bí ó ti wà láàárín, ìró ọsán àti ìró àmì máa lo àkókò kan náà kí wọ́n tó dé etí rẹ̀, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín ìró méjèèjì ni àkókò tí ọfà fi fò. Ẹ pín 20 sí àkókò yẹn. Bó bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà kan náà, gíráàmù 25, ni kí gbogbo ọrun lò; ọfà tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ba ọrun jẹ́. Ẹ ta á ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ mú ti àárín.

Ẹ wá sọ eré náà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí agbára ọrun. Ọrun kìló 16 tó ní eré 40 ní 1600 tí a pín sí 16, ìyẹn 100. Ọrun kìló 13 tó ní eré 38 ní 1444 tí a pín sí 13, ìyẹn 111. Èyí tó rọ̀ ló borí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí agbẹ́ọrun bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹni kìíní gba máàkì 8, ẹni tó kẹ́yìn gba 1.

Ẹ tú ọsán lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn ọrun ti ògiri tó gún, kí ẹ wọ̀n bí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ògiri. Ìtẹ̀ tó kù lára igi nìyẹn. Bí igi náà bá ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ìyẹn kúrò, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ pín igi. Tó bá wà láàárín 0 sí 2 sẹ̀ǹtímítà, máàkì 8. Tó bá ju 2 dé 4, máàkì 5. Tó bá ju 4 dé 6, máàkì 2. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí. Ẹ fi máàkì 4 pàmọ́ fún ìtẹ̀ dídọ́gba, kí ẹ ya fọ́tò ọrun nígbà tí a fà á tán níwájú ògiri tí a fi ẹfun fa ìlà sí, kí àwọn yòókù sì dìbò. Kò sẹ́ni tó máa dìbò fún tirẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́

Kí ẹni tí ọrun rẹ̀ ṣẹ́ kó èérún rẹ̀ wá, kó sì gba máàkì 3 tó bá lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Apá yìí ni a máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Bó bá là ní gígùn láti ẹ̀yìn, okùn igi ti gé níbẹ̀. Bó bá ṣẹ́ ṣákálá bí ìgbà tí a ṣẹ́ ọ̀pá, igi náà ti jẹrà, ó ní kòkòrò, tàbí ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́ jù. Ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú ikùn ọrun ń sọ pé ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, ẹ má tún fa irú ọrun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Pápá

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kún fún àpáta. Ẹ má ta ọfà kọjú sí àpáta láé, torí á ta padà. Ẹ wá oko tí wọ́n ti kórè ní ọ̀nà Òdèdá, kí ó ní ó kéré tán mítà 200 tí kò séèyàn tàbí ẹran lẹ́yìn àmì. Àpò ìrẹsì tí a ki àjákù aṣọ àwọn aránṣọ mọ́ dáadáa máa ń dá ọfà dúró láìba á jẹ́. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí, kí ẹ sì gbé ọrun lọ nínú àpò pẹ̀lú ọsán ní títú. Gbogbo òǹwòran máa dúró sẹ́yìn tafàtafà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fa ọsán kó sì jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, torí agbára tí kò rí ọfà gbé á padà sínú igi. Ẹ má fi ọrun sílẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ fi fánísì kùn ún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Epo pupa kì í gbẹ, ẹ má lò ó. Ní ti ẹ̀bùn, fáìlì tuntun kan tó. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló máa yan igi tí a ó lò lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà ló sì máa wá a.